Etí Tó Kù Lẹ́nu Iṣẹ́

Agégi fa okùn ẹ̀rọ náà, kò dáhùn. Ó tún un fà. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín dúdú, ó tún dákẹ́. Ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó mí kanlẹ̀, ó sì fa okùn náà bí ẹni ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun jáde nínú ọgbà. Ìgbà náà ni Ìyálé tó ké.

Ìyálé ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ ìgégi náà, nítorí pé ó ti wà lọ́wọ́ agégi kí ó tó gbéyàwó. Ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ni. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó, wáyà ni wọ́n fi di ibi ìdìmú rẹ̀, kò sì ní ìjánu tí ń dá ṣéènì dúró bíi ti àwọn ẹ̀rọ òde òní. Ó wúwo bí ọmọ tí oorun ti gbé lọ. Nínú àgọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wọn, àwọn òkú ẹ̀rọ bíi tirẹ̀ tò sórí pẹpẹ, agégi a sì máa yọ nǹkan lára wọn, eléyìí lónìí, tọ̀hún lọ́la, láti fi gbé ẹ̀mí Ìyálé ró.

Ìyàwó agégi ti dúró sí àyè rẹ̀. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó jìnnà tó kí ẹ̀ka má lè nà án, ó sì súnmọ́ tó kí ọkọ rẹ̀ lè rí i bó bá kàn gbójú sókè. Àwọn tó ń kọjá lọ yóò rò pé igi gígé ló dúró kó. Ó ń kó igi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tó gbé e wá nìyẹn.

Igi tó wó sílẹ̀ léwu ju èyí tó wà lóòró lọ. Ìwúwo rẹ̀ ti tẹ̀ síhìn-ín, gbòǹgbò rẹ̀ ń fà á sọ́hùn-ún, bí wọ́n bá sì gé e níbi tí inú ti ń bí i, yóò ta padà. Ṣùgbọ́n kì í ta láìsọ tẹ́lẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dún nínú, tá, tá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí egungun lẹ́nu ajá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò yà. Agégi ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní èdè yìí nígbà tí etí tirẹ̀ ṣì pé. Lẹ́yìn náà, Ìyálé jẹ etí agégi díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, àfi kí wọ́n fọwọ́ kàn án.

"Etí tèmi ti fẹ̀yìn tì," ó wí lọ́jọ́ tó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀. "Tìẹ ló kù lẹ́nu iṣẹ́."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Etí Ọba. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà rò pé òfófó ló sọ ọ́ lórúkọ, Etí Ọba sì jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò pe adití wá gé igi lẹ́yìn ilé rẹ̀?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Agégi yóò gé díẹ̀, yóò dẹwọ́ kí Ìyálé rọlẹ̀, kó máa kùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò sì gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀. Etí Ọba yóò tẹ́tí. Bí igi bá dákẹ́, yóò mi orí pé kó máa gé e lọ. Bí igi bá sọ̀rọ̀, yóò na ọwọ́ ọ̀tún sókè, agégi yóò sì yọ irin, yóò kúrò níbẹ̀. Igi tí wọ́n ti gé báyìí pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè rántí lọ, igi kankan kò sì ṣe wọ́n léṣe rí.

Igi tòní wó nínú ìjì, lẹ́yìn ilé aránṣọ. Ó tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó fi ihò ńlá kan sílẹ̀, ó sì lọ dùbúlẹ̀ lé igi kékeré kan tó wà létí ọgbà. Bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé, bẹ́ẹ̀ náà ni agégi sì ṣe. Ó ti orí àwọn ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀. Nínú yàrá, aránṣọ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Inú Etí Ọba kò dùn. Ó dá a lójú pé ọmọ wọn obìnrin ló bà á nínú jẹ́. Ọmọ náà ti pè é lórí fóònù kí wọ́n tó jáde nílé.

"Màmá, ẹ rọra. Ẹ ń pariwo mọ́ mi létí."

"Ta ló ń pariwo?"

"Ẹ̀yin ni. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń pariwo báyìí."

"Nẹ́tíwọ̀kì ni."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀. Wọn ò gbọ́ràn mọ́. Bí igi bá ṣe wọ́n léṣe ńkọ́?"

"Kò sí igi tó máa ṣe wọ́n léṣe níbi tí mo bá wà," ni ìyá dá a lóhùn, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ tìbínú-tìbínú.

Gbogbo nǹkan ni kò lọ déédéé lásìkò yìí. Aago ara ògiri yàrá wọn kò dún mọ́. Ó ti pa bátìrì rẹ̀ dà, síbẹ̀ ó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń yí, kò sì fi àkókò ṣèké. Ó gbà pé bátìrì ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Àwọn ìrẹ̀ tó máa ń dún lẹ́yìn ilé pàápàá ti kó lọ, ó sì di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà ru aládùúgbò wọn tó ń fọ́n oògùn kòkòrò káàkiri.

Wọ́n kó ẹ̀ka tán. Ó ku ìdí igi, níbi tó nípọn jù, lẹ́bàá gbòǹgbò tó dìde dúró bí ògiri lórí ihò rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Agégi yí i ká, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó yan ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. Ó fi Ìyálé sí i. Ìyẹ̀fun igi fọ́n sí ṣòkòtò rẹ̀. Ó gé díẹ̀, ó dẹwọ́, ó gbójú sókè.

Etí Ọba tẹ́tí. Igi dákẹ́. Ó mi orí.

Agégi tún gé e wọlé sí i, ó dẹwọ́, ó gbójú sókè.

Etí Ọba na ọrùn. Ó gbọ́ kíkùn Ìyálé, kò gbọ́ ohun mìíràn. Igi náà dákẹ́ bí ẹni tó ti sùn. Ó mi orí pé kó máa gé e lọ.

Ó rí i tí irin wọlé. Ó rí aránṣọ lójú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ là, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ó ṣe é ní kàyéfì pé kí ni obìnrin yìí ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni igi já. Gbòǹgbò tó dúró bí ògiri ṣubú padà sínú ihò rẹ̀, kùkùté tó kù lára rẹ̀ sì ta sókè, ó gbá Ìyálé kúrò lọ́wọ́ agégi, ó sì gbá agégi fúnra rẹ̀ sẹ́yìn. Èyí ni Etí Ọba gbọ́. Ilẹ̀ mì títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò mọ bí òun ṣe dé ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ nà sílẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ dé. Etí Ọba di orí rẹ̀ mú, ó ń pè é, ó ń pè é, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò lè gbọ́. Agégi lajú. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyálé ńkọ́?" ó béèrè.

Ká ní kò nà sílẹ̀ ni, ìbá gbá a létí. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ìyálé wà nínú koríko, ó ti kú fúnra rẹ̀. Èjìká òsì agégi ti ń wú, kò lè gbé apá náà, ṣùgbọ́n egungun kankan kò ṣẹ́. Bí kùkùté náà bá fi díẹ̀ súnmọ́ ọn sí i, àyà ni ì bá bà.

Aránṣọ sáré dé, okùn ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Màmá, ẹ ò gbọ́ mi ni? Mo ń pariwo pé igi yẹn ń dún. Inú yàrá ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ ọ, tá, tá, mo tiẹ̀ dá ẹ̀rọ mi dúró. Mo wá rí i tí ẹ̀ ń mi orí sí Bàbá."

Etí Ọba wò ó lẹ́nu. 

"Mo gbọ́," ó wí. "Ẹ̀rù ló bà mí."

"Kí ló wí?" ni agégi béèrè láti ilẹ̀. Ó ń wo ẹnu àwọn obìnrin méjèèjì.

Etí Ọba ju ọwọ́ pé kò sí nǹkan kan, pé ó ń kí wọn kú ewu ni. Ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ ayé lọ bá ọkùnrin yìí láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti dí, kò sì yọ ọ̀kan kù rí, kò fi iyọ̀ sí i rí. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Wọ́n gbé Ìyálé sínú bárò, wọ́n ń lọ sílé. Agégi fi ọwọ́ kan di ọwọ́ tó ń ro ó mú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, ó sọ̀rọ̀.

"Má dá ara rẹ lẹ́bi."

Etí Ọba kò gbójú sókè.

"Igi mìíràn wà tí ń ya odi. Àwọn ọ̀gá wa máa ń sọ ọ́, mo rò pé àlọ́ ni. Igi tí kò sọ̀rọ̀, kí lo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, èjìká dùn ún, ó dákẹ́. "Ọ̀la la ó parí èyí tó kù."

Ojú ti Etí Ọba ju bí ọkọ rẹ̀ bá bú u lọ. Ó ń ti bárò, ó ń wo táyà rẹ̀ tó ń yí. Ó rántí pé táyà yìí máa ń han tẹ́lẹ̀, pé ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí ọkọ òun fi gírísì sí i. Kò mọ ìgbà tó dákẹ́. Ó fi ọwọ́ bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá ó ti fi gírísì sí i. Agégi ní rárá.

Nílé, ó gbé omi kaná fún èjìká ọkọ rẹ̀. Bó ṣe ń dúró dè é, ojú rẹ̀ lọ sára aago. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ó ń lù. Ó ń lu ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò yẹ̀ rárá, bí ìṣan ọrùn ọmọ ìkókó. Ó gbé e sétí ọ̀tún. Kò sí nǹkan. Ó gbé e sí ti òsì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí ó fi dùn ún. Kò sí nǹkan níbẹ̀ náà.

Ó jókòó. Gbogbo ọdún tó fi ń dúró níwájú Ìyálé, tó ń ṣọ́ etí fún ẹlòmíràn, kò rántí ṣọ́ tirẹ̀. Bátìrì kò ṣe nǹkan kan. Aládùúgbò wọn kò lé ìrẹ̀ kankan.

Ẹ̀rù bà á láti sọ ọ́. Láti ìgbà tó ti mọ ọkùnrin yìí, òórùn igi tútù ni òórùn ara rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́, iṣẹ́ tán nìyẹn. Kí ni yóò máa jí fún? Bí kò bá sì sọ ọ́, ọ̀la yóò gbójú sókè wo òun, òun yóò tẹ́tí, òun yóò sì mi orí. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èyí ti dé ìpéǹpéjú.

Agégi wà lẹ́nu àgọ́, Ìyálé wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo pọ́n eyín ṣéènì. Etí Ọba gbé aago náà lé e lọ́wọ́. Ó tọ́ka sí aago, ó tọ́ka sí etí ara rẹ̀, ó gbọn orí.

"Ó ti bàjẹ́?" Agégi gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀yìn aago náà. "Kò bàjẹ́. Ó ń lù."

Etí Ọba tún tọ́ka sí etí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé ìka náà kúrò níbẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Agégi wò ó, ó gbé irin ìpọ́nṣéènì sílẹ̀.

"Igi òní," ó wí. "Ó sọ̀rọ̀?"

Etí Ọba mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Agégi gbé aago náà sétí ara rẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sórí itan.  "Èmi ni mo mú ọ dúró níwájú rẹ̀," ó wí. "Mo rò pé tèmi nìkan ló ń jẹ."

 Etí Ọba fi ọwọ́ nu ìyẹ̀fun igi kúrò nínú irun ọkọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, agégi dìde. Ó da epo inú Ìyálé padà sínú kéègì, ó yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó nu ara rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ó gbé e wọnú àgọ́ pẹ̀lú apá kan tó yè, kò sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ bá a gbé e. Kò gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó máa ń wà. Ó ti àwọn òkú ẹ̀rọ sápá kan lórí pẹpẹ, ó sì gbé e sáàárín wọn.

Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn irin àgọ́ náà dé. Ilẹ̀kùn náà a máa pariwo, aládùúgbò wọn ti ráhùn lé e lórí rí. Etí Ọba dúró, ó ń retí ariwo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ẹnu ilẹ̀kùn, kó lè mọ̀ bóyá ó ti dé.