Ọmọrí Awò Mi Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé ìwòsàn kan. Abẹ́rẹ́, bàńdéèjì, ìbọ̀wọ́, aṣọ ibùsùn, gbogbo ẹ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Bí nọ́ọ̀sì bá ní òun fẹ́ páálí ìbọ̀wọ́ mẹ́wàá, màá kà á, màá tún un kà, màá ní kí òun náà kà á lójú mi kó tó fọwọ́ síwèé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Tún-un-kà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, ọ̀gá àgbà dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní kò sí ohun kan tó sọnù lọ́wọ́ mi rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ọjọ́ yẹn náà ni àbíkẹ́yìn mi obìnrin fún mi ní awò awọ̀nàjíjìn, èyí tí èèyàn ń gbé sójú méjèèjì láti fi wo ohun tó wà lókèèrè. Ó ní, "Dádì, ẹ máa lọ wo ẹyẹ létí adágún. Ẹ má jókòó sílé kẹ́ ẹ máa ka ṣíbí Mọ́mì." Awò náà dára. Ó ní gíláàsì méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ọmọrí dúdú róbótó tí kì í jẹ́ kí eruku bà á. Ọmọrí mẹ́rin péré. Ẹni tó ti tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún abẹ́rẹ́, kí ni ọmọrí mẹ́rin fẹ́ fi ṣe é?

Àwa mẹ́fà là ń pàdé láràárọ̀ Sátidé létí adágún tí wọ́n ti ń fa omi wá sí ìlú. Olórí wa ni obìnrin àgbà kan tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Tíṣà là ń pè é. Awakọ̀ takisí kan náà wà níbẹ̀, Ojú Àṣá lorúkọ ìnagijẹ tiẹ̀, torí kí àwa tó gbé awò sójú, òun á ti sọ irú ẹyẹ tó ń bọ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù kì í sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń bá wọn sọ tiwọn mọ́ tèmi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, mo sọ orúkọ ìnagijẹ mi fún wọn, mo sì ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Ìbá sàn kí n ti dákẹ́.

Ọmọrí àkọ́kọ́ ò lò tó wákàtí kan. Mo gbé e lé orí òkúta, mo ní ojú mi á máa wà lára ẹ̀. Ara ẹyẹ ni ojú mi wà. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, òkúta nìkan ló kù. Ìkejì, mo fi í sápò àyà, mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí afárá pákó láti so okùn bàtà. Mo gbọ́ "pọ́ńkán" nínú omi. Mo tiẹ̀ rò pé ọ̀pọ̀lọ́ ni.

Ìkẹta ló pa mí láyò jù. Lọ́jọ́ náà, Ojú Àṣá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹyẹ kan wà lódìkejì adágún, ẹyẹ gíga aláwọ̀ eérú tó ní pupa lórí, èyí tí Tíṣà ti ń wá láti ọdún mọ́kànlá. A ní ká rọra yọ́ lọ bá a. Bí a ṣe fẹ́ gbéra, mo fọwọ́ kan awò mi. Ọmọrí kan ò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ọmọrí mi ti bọ́."

Èèyàn rere ni wọ́n. Àgbàlagbà márùn-ún kúnlẹ̀ sínú koríko tútù, wọ́n ń fọwọ́ tú u bí ẹni ń wá eéṣú. Nígbà tí ogójì ìṣẹ́jú máa fi pé, ẹyẹ ti fò lọ. Tíṣà ò bínú. Ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò ní orúnkún, ó ní, "Kò burú. Bóyá á tún wá." Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo ní kí n tọrọ àforíjì bí ọmọlúàbí. Mo ṣí fìlà mi. Ọmọrí já bọ́ látinú fìlà, ó balẹ̀ sáàárín bàtà Tíṣà àti tèmi.

Ojú Àṣá ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Bàbá Tún-un-kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un kà."

Wọ́n ní ọjọ́ tí àgbàlagbà akàn bá kó sí garawa, ojú á tì í. Mo bá akàn kẹ́dùn lọ́jọ́ náà.

Látìgbà yẹn ni mo ti pinnu pé ẹnu ni n óò máa fi di ọmọrí méjèèjì tó kù mú. Kí ló máa mú ohun tó wà lẹ́nu èèyàn sọnù? Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọgbọ́n náà fi ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àṣá kan já wálẹ̀ látòkè, ó gbé ẹja ńlá lójú wa, mo sì figbe ta, "Ẹ wò ó!" Ọmọrí méjèèjì bá ọ̀rọ̀ jáde, wọ́n di èrò inú omi.

Bí mo ṣe lo oṣù méjì láìní ọmọrí kankan nìyẹn. Kí n má purọ́, ara tù mí. Bí ẹyẹ bá ti yọ, màá kàn gbé awò sójú ni. Àmọ́ ìyàwó mi, tó jẹ́ aránṣọ, ò fara mọ́ eruku tó ń bo gíláàsì. Nígbà tó ku ọ̀la ká ka gbogbo ẹyẹ adágún bí a ṣe ń ṣe lọ́dọọdún, ó gé aṣọ dúdú tó nípọn, ó rán ọmọrí mẹ́rin, ó fi rọ́bà sétí wọn, ó sì fi okùn so wọ́n mọ́ awò kí wọ́n má lè sọnù. Láàárọ̀, ó dé wọn mọ́ ọn nígbà tí mo wà ní balùwẹ̀. Ó pè mí pé òun ti dé e o. Ọṣẹ ti dí mi létí. Mo ṣáà dáhùn pé, "O ṣé."

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún nígbà tí ojú ẹ̀ fọ́. Ó ní òun kàn jí lọ́jọ́ kan, òun ò rí ògiri yàrá mọ́ ni. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Láràárọ̀ tí mo bá jí, ògiri ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Lọ́jọ́ ìkàyè náà, Tíṣà pín wa káàkiri, ó fi èmi nìkan sí apá òkè adágún. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ kedere, mo rí nǹkan gíga kan nínú esùsú. Mo gbé awò sójú.

Òkùnkùn biribiri.

Mo ṣẹ́jú. Òkùnkùn. Mo tún un ṣẹ́. Mo jókòó gbì sínú ẹrẹ̀, mo jẹ́ kí awò rọ̀ sí mi láyà látọrùn, mo di ojú pinpin. Mo rántí bí bàbá mi ṣe máa ń fọwọ́ tá ògiri lọ sí balùwẹ̀. Nígbà tó yá, mo yọ fóònù, mo wá orúkọ ìyàwó mi, mo tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá àwọn ọmọ, mo ti fọ́jú."

"Ẹ ti kí ni?"

"Ojú mi ti fọ́. Mi ò rí nǹkan kan. Bó ṣe ṣe bàbá mi gẹ́lẹ́ nìyí."

Mo gbọ́ tí sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Yéè! Níbo lẹ wà?"

"Apá òkè adágún, lábẹ́ igi tí ẹ̀ka ẹ̀ dá. Ọkọ̀ ojú omi aláwọ̀ ewé kan wà níwájú mi."

"Aláwọ̀ ewé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀dà ẹ̀ ti ń bó."

"Ta ló sọ fún yín pé ọ̀dà ẹ̀ ń bó? Báwo lẹ sì ṣe rí nọ́ńbà mi tẹ̀?"

Mo wo fóònù ọwọ́ mi.

"Dádì, ṣé ẹ ṣí ọmọrí tí mo rán?"

Mo wo àyà mi. Aṣọ dúdú náà jókòó sójú gíláàsì bí fìlà tó bá orí mu. Mo yára ṣí méjì iwájú, mo gbé awò sójú. Òkùnkùn ṣì ni. Igbe fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi.

"Méjì ẹ̀yìn ńkọ́?" Ohùn ìyàwó mi ló ń bọ̀ látinú fóònù yẹn.

Mo ṣí i. Ẹyẹ náà nìyẹn, ó ga fíofío, aláwọ̀ eérú, pupa lórí, ó ń ṣa nǹkan jẹ ní tiẹ̀ bíi pé kò gbọ́ gbogbo ẹkún mi. Mo fi fóònù pe Tíṣà. Ó rọra rìn dé, ó gbé awò tiẹ̀ sójú, ó sì wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó dì mọ́ mi, tòun ti ẹrẹ̀ ìdí ṣòkòtò mi.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò pẹ́, ìyàwó mi yọ, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, sálúbàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bára mu.

Mo ní, "Ojú mi ò kúkú fọ́ mọ́. Kí lo tún wá ṣe?"

Ó ní, "Ohùn yín ni mo wá wò. Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé tí a ti fẹ́ra, mi ò gbọ́ ọ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà yín tó báyìí, ẹ ò sọ fún mi? Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀dọ̀ dókítà ojú là ń lọ."

Nígbà tí dókítà bi wá pé kí ló gbé wa wá, mo ní àyẹ̀wò lásán ni. Ìyàwó mi ní irọ́ ni, ó wá ro gbogbo ẹ̀ láti orí dé ìdí, kò fo ọkọ̀ aláwọ̀ ewé. Dókítà, ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, rẹ́rìn-ín títí tó fi gbórí lé tábìlì. Ó ní kí n gbé àgbọ̀n mi lé ẹ̀rọ. Ó wo ojú ọ̀tún. Ó wo ti òsì, ó tún un wò. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Bàbá, omi inú ojú òsì yín ti ń pọ̀ jù, ó ń fún ojú náà látinú. Ó ti ń jẹ ìríran yín ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ò kàn tíì mọ̀ ni. Ó jọ pé ohun tó ṣe bàbá yín náà nìyí. Èyí tó ti lọ ò ní padà, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ń kán oògùn yìí lálaalẹ́, èyí tó kù á dúró."

Nínú ọkọ̀, ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú, ó le dan-in, títí a fi délé.

Ó ti di oṣù márùn-ún báyìí. Òun ló ń kán oògùn náà sí mi lójú, torí lọ́jọ́ tí mo dá a kán, imú mi ni mo wò sàn. Ojú Àṣá ti ròyìn mi fún gbogbo èrò inú takisí ẹ̀. Àwa méje là ń lọ sí adágún báyìí, ìyàwó mi ló ṣìkeje wa, awò tèmi ló sì ń lò. Ní Sátidé tó kọjá, mo tọrọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n lè wo ẹyẹ kan tó dúró sórí igi. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ó ní, "Ẹ ní sùúrù ná. Ó ń bọ́ ọmọ ẹ̀."

Mo bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ní kó máa sọ ohun tó ń rí fún mi.