Ìkùukùu Tó Rékọjá Òkè Kárà

Ìṣirò náà bá ojú ọjọ́ mu nígbẹ̀yìn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń lépa rẹ̀: bí oru omi ṣe ń gbéra lórí òkun, tí ẹ̀fúùfù ń tì í gun òkè Kárà, tí ó ń tutù bí ó ti ń gòkè títí yóò fi di ìkùukùu, tí ìkùukùu yóò sì kan ewé igi, tí yóò di omi, tí yóò kán sílẹ̀. Apá ti ewé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi kulẹ̀. Àfi ìgbà tí mo gbé abọ́ sábẹ́ àwọn igi náà ní gbogbo àsìkò kàrífù, ìgbà tí ìkùukùu máa ń bo òkè wa, tí aṣọ ń tutù mọ́ mi lára, ni mo tó mọ iye tí ewé ń gbà. Lọ́dún náà, iye omi tí ìṣirò mi lórí kọ̀ǹpútà wí gan-an ni ìsun omi wa mú jáde.

Ìsun yẹn ló jẹ́ kí ìyá mi, Tufúl, ṣì lè gbé orí òkè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí Sàlálà, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Òun ní ibi tí omi wà ni ilé òun wà. Òun ló bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàkít, títí ó fi gbà kí a fi wáyà yí igbó tó wà lókè ìsun ká, kí ràkúnmí má baà jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí kàrífù parí, tí àwọn ẹran ń ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ gòkè bọ̀, Bàkít pè wá wá mu wàrà. Àwọn àgbà jókòó.

“Ọmọ Tufúl,” ó ní, “omi tó ń gba orí wa kọjá nígbà ìkùukùu, báwo ló ṣe pọ̀ tó?”

Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi. “Bàbá, gbogbo ràkúnmí yín kò lè mu ún tán láyé wọn.”

Ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ o! Omi pọ̀ tó báyìí, ẹ wá ń fi wáyà febi pa ẹran mi?”

“Inú afẹ́fẹ́ ló wà, Bàbá. Ewé ló ń bá wa gbà á. Bí kò bá sí ewé, aṣálẹ̀ ló ń lọ.”

“Ṣé ewé náà lọ yunifásítì ni?”

Ẹ̀rín wọn pọ̀ débi pé wàrà ta sí ẹnì kan nírùngbọ̀n.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ìyá mi ní, “ẹ má fọwọ́ kan wáyà yẹn o. Ẹ ṣèlérí.”

“Tufúl, ọmọ tìẹ ló ṣáà sọ pé omi pọ̀. Àbí o ò gba ọmọ ẹ gbọ́?”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ká wáyà náà kúrò. Ràkúnmí jẹ ewé, wọ́n jẹ ẹ̀ka, wọ́n bó èèpo igi.

Ní kàrífù tó tẹ̀ lé e, ìkùukùu dé, ó ṣú dùdù bí ó ti máa ń ṣe. Ìṣirò mi kò tàsé: iye tó gun òkè ni iye tó rékọjá sí aṣálẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì yìn mí. Bí wọ́n ti ń yìn mí ni ìsun ń di ẹrẹ̀, tí ẹrẹ̀ sì ń di òkúta.

Bàkít wá bá mi. “Tún un ṣírò.”

“Mo ti tún un ṣírò, Bàbá.”

“Kí ló wí?”

“Ohun tó wí lọ́jọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín náà ni.”

Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Sàlálà ni ìyá mi ń gbé báyìí. Ó máa ń tọ́ omi ẹ̀rọ wò, á sì gbé ife náà kalẹ̀. Kì í bi mí léèrè iṣẹ́ mi mọ́.

Bàkít jẹ ìyá mi ní gbèsè ìsun kan, àti igbó tí yóò mú un ṣàn. Bí a bá tilẹ̀ gbìn ín lónìí, igbó náà kò ní ga tó láti gba ìkùukùu lójú ayé àwọn méjèèjì.