Ìyá Tíńtín

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n Ìyá Tíńtín ni gbogbo ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tó ń gbé ń pè é. Tíńtín ni àbúrò rẹ̀, ọmọ kékeré kan tó jẹ́ pé aṣọ tó kéré jù nínú gbogbo aṣọ tí ìjọ fi ránṣẹ́ ṣì ń wọ́ nílẹ̀ lára rẹ̀. Ibi tí ìyá wọn ti ń bí Tíńtín ló kú sí. Ìyá àgbà ló gbà wọ́n tọ́, ìgbà tí ojú rẹ̀ fọ́, tí ara ò sì gbé e mọ́, ni aládùúgbò kan kó àwọn ọmọ wá síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń wẹ̀ fún Tíńtín, òun ló ń yọ eegun ẹja fún un. Bí Tíńtín bá húkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ikọ́ kejì tó jáde, ẹ̀gbọ́n á ti dìde jókòó. Ìyá alásè ilé náà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Èmi tí mo bímọ márùn-ún, n ò ṣe tó ìwọ yìí. Wá kọ́ mi níṣẹ́ abiyamọ, jọ̀ọ́."

Àǹtí Tíṣà ni ìjọ rán wá láti máa kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìwé àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ìgbà tó ń bọ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọdún méjì péré lòun máa lò. Ó ti di ọdún keje báyìí. Ẹni tó bá gbọ́ pé míṣọ́nnárì ni á rò pé ìwàásù ló ń fi ojoojúmọ́ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láàárọ̀, orí àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò, bóyá làpálàpá ti tún mú ẹnì kan. Lẹ́yìn náà, á wá bàtà tó sọnù, á parí ìjà lórí ṣíbí, kó tó wá mú ṣọ́ọ̀kì dání.

Lọ́jọ́ tó ń sọ ìtàn búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì fún wọn, Ìyá Tíńtín nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ta ló yọ eegun fún àwọn ọmọ kéékèèké?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Tíṣà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà ni tọkọtaya kan wá. Oníṣègùn eyín ni ọkọ, aránṣọ ni ìyàwó, wọ́n sì ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ tipẹ́tipẹ́. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tíńtín rìn tààrà lọ bá obìnrin náà, ó di báàgì rẹ̀ mú, ó ní kó gbé òun. Bí obìnrin náà ṣe gbé e báyìí, kò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Àǹtí Tíṣà gbọ́ pé Tíńtín nìkan ni wọ́n fẹ́ mú, ó gba ọ́fíìsì Ìyá Ilé lọ. Ìyá Ilé ni àgbàlagbà obìnrin tó ń ṣàkóso ibẹ̀.

"Mà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú àwọn méjèèjì."

"Mo ti bẹ̀ wọ́n. Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dùn mí yìí." Ìyá Ilé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Wọ́n ní apá àwọn ò ká ọmọ méjì. Tíṣà, ṣé o ò rí iye ọmọ tó ń sùn lórí ẹní nínú ilé yìí ni? Ọ̀kan tó bá rílé, ká dúpẹ́."

Àǹtí Tíṣà ò lè dúpẹ́. Ó jáde lọ bá aránṣọ níbi tó dúró sí lábẹ́ igi.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní yọ yín lẹ́nu. Ó mọ ọmọ tọ́jú."

Obìnrin náà ń wolẹ̀. "Mo ti rí i, Àǹtí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bí òun bá wà ńbẹ̀, ọmọ yẹn ò ní pè mí ní màmá láé."

Àǹtí Tíṣà padà sínú kíláàsì.

Òun náà ni wọ́n ní kó sọ fún Ìyá Tíńtín. Ó ní kó jókòó ti òun nínú kíláàsì nígbà tí àwọn tó kù jáde lọ ṣeré. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀rọ̀ yípo, títí ọmọ náà fi gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé Tíńtín nìkan ni?"

"Òun nìkan ni, ọmọ mi."

Ọmọ náà ní, "Òtútù máa ń tètè mú un. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ fún un." Ó wá béèrè pé, "Àǹtí, ká ní èmi náà kéré ńkọ́?"

Àǹtí Tíṣà fà á mọ́ra. Kò sí ẹsẹ Bíbélì kankan tó wá sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú un lọ, Tíńtín fi igbe ta, ó wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ìtàkùn. Ìyá Tíńtín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí aṣọ nu imú fún un.

"Máa lọ. Ìwọ ṣáájú, kí o lọ bá mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Tí mo bá ti fọ abọ́ tán, mò ń bọ̀."

"Ṣé o ò ní pẹ́?"

"N ò ní pẹ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àǹtí Tíṣà kọ́ wọn pé irọ́ ò dára. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tíńtín wọ mọ́tò, ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mọ́tò ò hàn mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ilé ìdáná lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́. Ìyá alásè ní kó fi sílẹ̀, ó ní rárá.

Kò sunkún. Ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́ kíláàsì. Àmọ́ bí wọ́n bá ń gbàdúrà, kì í dijú mọ́. Yóò kàn máa wo Àǹtí Tíṣà, bí ẹni tó ń dúró kí ẹlẹ́jọ́ rojọ́. Àǹtí Tíṣà ní kí àwọn ọmọ yé pè é ní Ìyá Tíńtín, ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é, mà. Orúkọ mi ni."

Nígbà ìsinmi ọdún, tọkọtaya náà gbé Tíńtín wá kí wọn. Ó ti sanra, ó wọ bàtà funfun, wọ́n sì dirun fún un dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì. Tíńtín wò ó, ó sá sẹ́yìn aránṣọ, ó di yẹ̀rì rẹ̀ mú.

"Kí àǹtí," ni obìnrin náà wí.

Tíńtín kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, àǹtí."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀ fún tọkọtaya náà. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, sà. Ẹ tọ́jú ẹ̀ gan-an ni."

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ló tó gbé orí lé itan Àǹtí Tíṣà, ó sì sun ẹkún tó ti há sí i láyà látìgbà tí Tíńtín ti lọ. Àǹtí Tíṣà ò ní kó dákẹ́. Òun náà ń sunkún ni.

Tọkọtaya náà kó lọ sí ìlú mìíràn lẹ́yìn náà, wọn ò sì padà wá mọ́. Ìyá Tíńtín dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní ọsibítù. Bó bá ti gba ìsinmi, á wá kí Àǹtí Tíṣà, tí irun orí rẹ̀ ti funfun. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ iṣẹ́, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa òjò àti nípa orúnkún Ìyá Ilé. Wọn kì í dárúkọ Tíńtín. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, Àǹtí Tíṣà á sìn ín dé ojú títì, á dúró títí tí yóò fi rí ọkọ̀ wọ̀.