Wàrà Tí Wọ́n Dá Dúró ní Ibodè

Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí Ìyá Kò-gbomi ti ń yẹ wàrà wò kí àwọn olówó òdìkejì odò tó mọ̀ pé ó wà láyé. Àwọn darandaran ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó lè bomi la wàrà kó sì gbé e kọjá lójú rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ dán an wò nígbà kan. Ìyá Kò-gbomi dá garawa rẹ̀ padà fún un níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, àwọn méjèèjì ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìyá ọkọ fi pè wọ́n jókòó.

Nígbà tí orílẹ̀-èdè wọn àti ti òdìkejì odò tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn olówó yóò máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wọn, àwọn olówó náà gbé fíríìjì kan tó tóbi tó yàrá wá fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì fi amòye ará ìlú wọn kan tì í. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Awò ojú rẹ̀ nípọn débi pé kí ọ̀sẹ̀ tó pé, Ìdí-ìgò ni gbogbo wọn ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Oṣù mẹ́fà ló fi bá wọn ṣiṣẹ́ kí ọkọ̀ onítáǹkì àkọ́kọ́ tó gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Àbúrò Ìyá Kò-gbomi ló wà á.

Kò ju agogo mẹ́wàá lọ tí fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní omi wà nínú wàrà wa."

"Omi báwo?"

"Ẹ bi wọ́n léèrè! Wọ́n ní kí n dá a padà, àbí kí n dà á nù. Òòrùn sì ti ń mú."

Ó dà bíi pé wọ́n gbá obìnrin náà létí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yẹ wàrà yẹn wò, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó lọ bá Ìdí-ìgò níbi tó ti ń mu tíì.

"Ẹ gbé mọ́tò yín, ká lọ sí ibodè."

Ìdí-ìgò gbé ife sílẹ̀. "Ìyá, ará ìlú mi ni wọ́n. Tí mo bá lọ bá wọn jà, iṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ jà? Ọkọ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ wà."

Yàrá kótópó kan ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ní ibodè: tábìlì kan, fáànù kan tí kì í yí, fèrèsé kan tí òòrùn ń gbà wọlé. Ọ̀gá ibodè jókòó ti òǹtẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ń ṣe àyẹ̀wò. Ìgò wàrà kan wà lójú fèrèsé. Ìyá Kò-gbomi kí wọn tán, ó fọwọ́ kan ìgò náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lẹ bu èyí?"

"Láti agogo mẹ́jọ, mà. A ní ká kọ́kọ́ parí ìwé."

"Ṣé ẹ wo bó ṣe gbóná tó kẹ́ ẹ tó ki gíláàsì bọ̀ ọ́?"

Ọmọbìnrin náà wo ọ̀gá rẹ̀. "Kò sí nínú ìwé ìlànà tí wọ́n fún wa, mà."

Ọ̀rọ̀ ti yé Ìyá Kò-gbomi. Òṣùwọ̀n onígíláàsì tí wọ́n fi ń yẹ wàrà wò máa ń léfòó ni. Bí wàrà bá gbóná, ó máa ń fúyẹ́, òṣùwọ̀n á sì rì sínú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti bomi là á. Ó ní kí wọ́n lọ bu òmíràn látinú táǹkì.

Ọ̀gá ibodè mi orí. "Ìwé kì í ṣe síléètì tí èèyàn ń nù, mà. A ti kọ ọ́. Ìjọba yín náà ló sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé àwa la máa sọ èyí tó dáa."

Ìdí-ìgò bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́, ó tún bọ́ ọ.

"Ọ̀gá," ó wí, "mo wà lára àwa tá a kọ ìwé ìlànà yẹn. A gbàgbé ojú ewé ti ooru. Àṣìṣe wa ni, kì í ṣe tiwọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu òmíràn."

Wọ́n bu òmíràn. Wọ́n wọn ooru rẹ̀. Òṣùwọ̀n dúró gangan níbi tó yẹ kó dúró. Ọmọbìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá ibodè pe ọ̀gá tirẹ̀ lórí fóònù, ó ń wí pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà" títí ẹnu fi ń ro ó, ó sì lu ìwé tuntun lóǹtẹ̀. Ọkọ̀ kọjá.

Ìyá Kò-gbomi ti ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kó tó lọ, ọ̀rọ̀ náà ò sì dùn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ò kúrò nídìí tábìlì.

"Ìyá, àwọn tiwa ńkọ́?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn darandaran lápá ibí. Ibí ni àwọn náà ń gbé wàrà wá fún àyẹ̀wò. Mo ti dá èèyàn mẹ́tàdínlógún padà láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Baba kan sunkún níwájú mi. Mo pè é ní òpùrọ́."

Ọ̀rọ̀ kíkorò yẹn kú sí Ìyá Kò-gbomi lẹ́nu. Ó fa àga, ó jókòó. "Gbé ìwé orúkọ wọn wá."

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó kà á tán, Ìdí-ìgò ló ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ti ṣì dá padà. Láàárín oṣù kan, ìjọba méjèèjì fi ojú ewé ti ooru kún ìwé ìlànà, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ìyá Kò-gbomi pé kó wá fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ àwọn ayẹ̀wàràwò òdìkejì odò níṣẹ́. Ó lọ.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ lé òun dé ilé baba tó sunkún yẹn. Ibùso màlúù ti ṣófo. Baba náà ti ta àwọn màlúù rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo bó ṣe jẹ́. Baba náà gbọ́ ọ délẹ̀.

"O ṣeun tó o wá," ó wí. Ó wọlé, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.