Ọjọ́ Tí Wọ́n Ya Fọ́tò Inú Isimeli

"Isimeli, gbé ẹ̀gẹ́ yẹn kalẹ̀!"

Litiana já àwo náà gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Láti ọ̀sán ni Isimeli ti lo oògùn tó ń fọ inú, ó sì ti sáré lọ sílé ìyàgbẹ́ ní àìmọye ìgbà.

"Òkèlè kan péré ni."

"Òkèlè kan péré náà ni wọn ò gbọdọ̀ bá nínú ẹ lọ́la. Wọ́n ní oúnjẹ kì í jẹ́ kí fọ́tò inú tí wọ́n fẹ́ yà fún ẹ hàn dáadáa. Ìwọ tó ń gbá ọkùnrin mẹ́ta ṣubú lórí pápá, ebi lásán ló fẹ́ dá ẹ dùbúlẹ̀ yìí?"

Isimeli rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rọ́gíbì kẹ́yìn ní ìlú Sigatoka, ẹnì kan fi orúnkún gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Nígbà tó fẹ́ tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà. Àṣekágbá ìdíje sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun ni balógun ẹgbẹ́ abúlé wọn.

Nílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, Praveena, ọmọbìnrin tó ń ya fọ́tò inú ara, ní kó lọ tọ̀, kó wá dùbúlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹja tàbí oògùn kankan ti mú kí ara yín wú rí?"

"Ẹja kẹ̀? Etí òkun ni wọ́n bí mi sí."

"Ó dáa. Oògùn tí mo fẹ́ gún sí iṣan apá yín yìí á gba inú kíndìnrín kọjá, òun ló máa jẹ́ ká rí ọ̀nà ìtọ̀ yín. Ara yín á gbóná, ẹnu yín á dà bíi pé ẹ lá irin. Ẹ má bẹ̀rù."

Bó ṣe gún un tán, ooru náà sáré láti ọrùn rẹ̀ dé abẹ́.

"Mo ti tọ̀ sórí ibùsùn yín," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ ò tọ̀ o! Gbogbo èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ẹ fa èémí sínú. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀... Ó yá, ẹ mí."

Ó ya fọ́tò kan, wọ́n dúró díẹ̀, ó ya òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn Praveena tẹjú mọ́ fọ́tò náà. Ó ní kí Isimeli fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó tún yà á, ó sì lọ pe dókítà.

Dókítà Waqa, obìnrin tó ti dàgbà, gbé fọ́tò náà síwájú iná fún Isimeli àti Litiana tó bá a wá. Lápá òsì, kíndìnrín ńlá kan funfun báláú, ọ̀nà ìtọ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀ bí òwú. Lápá ọ̀tún, kò sí nǹkan kan.

"Èkejì ńkọ́?" Isimeli béèrè. "Ṣé orúnkún yẹn ló fọ́ ọ ni?"

"Rárá, ọmọ mi. Ẹyọ kan ni wọ́n bí mọ́ ẹ. Òun ló ti ń ṣiṣẹ́ méjèèjì látọjọ́ yìí. Ó fara pa díẹ̀, á jinná. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá tún gún un, tó sì bàjẹ́, kò sí èkejì tó máa gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe." Ó pa iná náà. "Mi ò lè so ẹ́ mọ́lẹ̀ kó o má gbá bọ́ọ̀lù mọ́."

Isimeli ń retí kí ìyàwó rẹ̀ pariwo. Litiana kàn ń so okùn aṣọ ilé ìwòsàn tó tú lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta ni Bàbá Sefanaia, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ wọn, pè é lórí fóònù.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n wí?"

"Ẹ fi ẹlòmíràn sípò mi, bàbá."

"Hẹn. Ti Sátidé nìkan ṣá?"

Ì bá rọrùn láti ní bẹ́ẹ̀ ni, kó sì máa tan ara rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

"Rárá, bàbá. Mo ti gbá bọ́ọ̀lù tèmi tán."

Bàbá náà ní òun gbọ́. Lẹ́yìn bàbá náà, Isimeli ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú fóònù láti orí pápá, wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́tí sí wọn fún ìgbà díẹ̀ kó tó pa fóònù náà.