Oòrùn Nínú Ìkòkò Èédú

Súlè, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú fún ẹ kí n tó gbàgbé. Wọ́n sọ lórí rédíò lánàá pé oòrùn àti ìpáàrà irin lè sọ èédú di gáàsì. Bóyá ìyẹn ló tẹ̀ lé mi wọnú àlá.

Mo bá ara mi lórí òrùlé ilé wa, mo ń fi dígí ńlá darí oòrùn sínú ìkòkò. Èédú ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìpáàrà tí mo ha lára páànù. Gáàsì ń gba inú rọ́bà lọ sídìí sítóòfù màámi olóògbé, ọwọ́ iná rẹ̀ rí bí aró. Kò sí èéfín tó ń mú Màámi wúkọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀; wọn ò wúkọ́ rárá.

"Àjàní, kí lo fi dáná?"

"Oòrùn ni, Màámi."

Wọ́n fa imú. "Òórùn kẹ̀? Mi ò gbóòórùn nǹkan kan!"

"Oòrùn ojú ọ̀run ni mo wí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Onídán! Sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun."

Ó wù mí gan-an, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé dígí náà kúrò, iná á kú, bóyá àwọn náà á sì lọ. Mo ní, "Mò ń bọ̀, Màámi."

Ibẹ̀ ni mo jí sí, apá ń ro mí. "Mò ń bọ̀" yẹn náà ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn lórí fóònù, Súlè, tí mi ò lọ wò wọ́n títí wọ́n fi kú.