Orúkọ Tó Wà Lókè Ojú Ewé

"Yọ orúkọ ẹ kúrò lókè yẹn, kó o fi ti ọmọ mi sí i."

Àǹtí Kóòdù rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń ṣàwàdà ni. Ó gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí i pé Ẹ̀gbọ́n ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ẹni tó fẹ́ ṣàwàdà kì í ti ilẹ̀kùn.

"Lókè ibo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ojú ewé àwọn òṣìṣẹ́ lórí ìkànnì wa. Àwọn tó fẹ́ bá wa dòwò pọ̀ ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ wò. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ olórí iṣẹ́: ibi tó ti ṣiṣẹ́ bọ̀, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó máa ń ṣe bọ́wọ́ bá dilẹ̀. Ọmọ mi ni mo fẹ́ kí wọ́n bá níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ni ilé iṣẹ́, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Òun ló gba yàrá mẹ́ta tí wọ́n ń lò, òun ló ra tábìlì, òun ló ra àga. Ṣùgbọ́n gbogbo ìkànnì tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn oníbàárà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, látorí ti ilé ìwòsàn dórí ti àwọn onímọ́tò tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àbúrò rẹ̀ obìnrin yìí ló kọ kóòdù wọn látòkè délẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko! Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń pè é ní Àǹtí Kóòdù, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kékeré kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó ti òkè òkun dé. Ìmọ̀ okòwò ló kà. Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kọ̀ tí kò tàn, àǹtí rẹ̀ ló ń ké pè, ọjọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé wáyà ni kò kì bọ iná.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n kọ pé ó ti ṣe?"

"Kọ àwọn tó wà níbẹ̀."

"Èmi ni mo ṣe àwọn tó wà níbẹ̀."

"Ta ló rán ẹ nílé ìwé tó o fi mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ó ti dé nìyẹn. Àwọn àgbà ní a kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í. Ti Ẹ̀gbọ́n kọjá ìlóṣòó, ó ti tẹ́ ẹní síbẹ̀. Látìgbà tí bàbá wọn ti kú tí Ẹ̀gbọ́n sì gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn tí kì í fi ìyẹn parí.

"Mo da omi síwájú," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ilẹ̀ tútù ni mo fẹ́ tẹ̀. Ọmọ ẹ náà kúkú ni. Ìwọ á wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Kọ 'olùrànlọ́wọ́' síwájú orúkọ ẹ."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá tiẹ̀ lọ. Inú bí Àǹtí Kóòdù, síbẹ̀ ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó fún un ní àwọn onímọ́tò. Ó fún un ní ọdún mọ́kànlá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!

Ibẹ̀ ló wà tí Ọ̀gá Kékeré fi wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Dádì ní ó ku ohun tí mo máa ń ṣe bọ́wọ́ bá dilẹ̀."

"Kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń wo bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń wo bọ́ọ̀lù, Àǹtí. Ẹ ò ṣe jẹ́ kí àwọn ẹyẹ tẹ́ ẹ máa ń gbẹ́ yẹn wà níbẹ̀? Àwòrán wọn dáa gan-an. Ó ń jẹ́ kó dà bíi pé èèyàn ní sùúrù."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Àǹtí Kóòdù rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí i lójú. Káfíńtà ni bàbá òun àti Ẹ̀gbọ́n, òun ló fi ọ̀bẹ kékeré lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú igi kí wọ́n tó gé e. Àtìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń jókòó sẹ́yìnkùlé tí yóò máa gbẹ́ ẹyẹ: àdàbà, lékèélékèé, ẹyẹ ẹ̀gà. Iṣẹ́ kóòdù, wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Àwọn ẹyẹ yìí, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ wọn, òun nìkan ló ni wọ́n.

"O mọ ẹyẹ gbẹ́?"

"Háà, Àǹtí! Ta ló máa ní kí n gbẹ́ ẹ lójú òun?"

Àǹtí Kóòdù gbé fóònù, ó jáde lọ sórí àtẹ̀gùn, ó pe ìyá òun àti Ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n yóò gbọ́ nìyẹn. Bí ìyá bá ti lè ní rárá, rárá náà ni, orúkọ rẹ̀ yóò sì wà níbi tó wà. Ó rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kò ní háà, kò ní kí ló dé. Ó yẹ kó ti fura.

"Ṣó o ti kọ ọ́?" ni ìyá béèrè.

"Màámi, ẹ ti mọ̀?"

"Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Má bínú, ọmọ mi. Ọkùnrin lọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ, ó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwọ ò lọ́kọ, o ò lọ́mọ. Orúkọ tó o dì mú yẹn, ta lo fẹ́ fi sílẹ̀ fún?"

Àǹtí Kóòdù jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ọlọ́run á fún ẹ ní tìẹ," ni ìyá wí.

"Àmín, Màámi."

Ó ṣe àmín nítorí pé ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dùn ún. Ó dùn ún ju ikú bàbá rẹ̀ lọ, nítorí bàbá kò mọ̀ọ́mọ̀ kú.

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó kó àwọn ẹyẹ náà sábẹ́ orúkọ Ọ̀gá Kékeré. Lẹ́yìn náà, ó pa ìlà tó kọ 'olùrànlọ́wọ́' sí rẹ́, tòun torúkọ ara rẹ̀. Ó kọ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ sórí ìwé kan, ó fi lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí lèyí, Àǹtí?"

"Ilé iṣẹ́ bàbá ẹ ni."

Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Wọ́n rò pé oúnjẹ ló fẹ́ lọ rà.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù nílé. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó sá pamọ́ sí ilé ìyàgbẹ́.

"Níbo lo wà? Àwọn àlejò ń bi ọmọ mi pé tíná bá lọ nígbà tí nọ́ọ̀sì ń kọ orúkọ aláìsàn sínú ìkànnì lọ́wọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sóhun tó ti kọ. Ọmọ náà ń làágùn yọ̀bọ̀! Tètè máa bọ̀, kó o wá dúró tì í."

Àǹtí Kóòdù mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀ kó tó gbé e mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú ewé yẹn dáadáa. Èmi ò sí níbẹ̀."

"Àbúrò mi, nítorí Ọlọ́run..."

"Ẹ bá mi kí àwọn àlejò."

Fóònù ò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tó tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Màámi ni. Láyé rẹ̀, yálà ó wà nínú ìpàdé tàbí ó ń ṣàìsàn, kò jẹ́ kí ìpè ìyá rẹ̀ dún tán rí. Ó gbé fóònù náà sórí tábìlì, ó jókòó tì í, ó sì ń wò ó títí ó fi dún tán.